Tí Táyírọ́ìdì Bá Ń Lé Ọkàn Léré: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Kà, Kí Ẹ Wò, Kí Ẹ sì Ṣe

Ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń lù kì-kì-kì nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń rò pé ọkàn òun ló ní àrùn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ nígbà míì, ọkàn náà kò ṣẹ̀ rárá; nǹkan kan ló ń lé e léré. Tó bá jẹ́ pé táyírọ́ìdì, ẹṣẹ́ kékeré kan níwájú ọrùn, ló ń lé e, a lè máa fi oògùn ọkàn rọ̀ ọ́ láti àárọ̀ di alẹ́, kò ní sinmi délẹ̀ títí a ó fi yíjú sí ọrùn.

Ọ̀nà ọkàn gan-an ni wọ́n gbà kíyè sí àìsàn yìí níbẹ̀rẹ̀. Caleb Parry, dókítà kan nílùú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa àwọn tí ọrùn wọn wú, tí ọkàn wọn sì ń lù kíkankíkan. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, ní 1825. Ní 1835, Robert Graves ní Dublin ṣàlàyé nípa àwọn obìnrin mẹ́ta tí àyà wọn ń lù fún ìgbà pípẹ́, tí ọrùn gbogbo wọn sì wú. Orúkọ Graves ló mọ́ àìsàn náà lára. Òun náà ló wọ́pọ̀ jù nínú ohun tó ń mú kí táyírọ́ìdì ṣiṣẹ́ àṣejù: àwọn ọmọ ogun tó yẹ kó máa gbèjà ara ló ṣìnà, tí wọ́n wá ń ti táyírọ́ìdì lẹ́yìn pé kò gbọ́dọ̀ dẹwọ́.

Kì í ṣe òun nìkan. Kókó lè yọ nínú gẹ̀gẹ̀ tó ti wà lọ́rùn tipẹ́, kó wá máa dá họ́mónù, èròjà tí ẹṣẹ́ yìí ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, ṣe láìgba àṣẹ ẹnikẹ́ni. Èyí wọ́pọ̀ lára àwọn àgbàlagbà. Táyírọ́ìdì lè wú lẹ́yìn ìbímọ tàbí lẹ́yìn àìsàn tí fáírọ́ọ̀sì fà, kó sì máa jo họ́mónù tó ti tọ́jú pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Áyódìn, èròjà tí táyírọ́ìdì fi ń ṣe họ́mónù, lè fà á tó bá pọ̀ jù. Ẹni tó ń lo oògùn họ́mónù nítorí pé táyírọ́ìdì tiẹ̀ ń falẹ̀ náà sì lè lò ó kọjá ààlà. Ẹ fi oríṣiríṣi yìí sọ́kàn, torí pé oògùn tó wo ọ̀kan lè má ṣe nǹkan kan fún èkejì.

Ohun tí họ́mónù náà ń bá ọkàn ṣe

Táyírọ́ìdì jẹ́ ẹṣẹ́ kékeré tó rí bíi labalábá, tó bà sí iwájú ọrùn lábẹ́ gògóńgò. Gíráàmù 15 sí 25 péré ni ti àgbàlagbà. T4 àti T3 ni họ́mónù tó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. T4 ló pọ̀ jù, àmọ́ T3 lọwọ́ rẹ̀ le, ara ló sì máa ń sọ T4 di T3.

Tí T3 bá pọ̀, ohun mẹ́ta ló máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tó ń dárí ìlùkìkì nínú ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Iṣan ọkàn á máa fún pọ̀ pẹ̀lú agbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké káàkiri ara á sì dẹ̀, wọ́n á fẹ̀. Ẹ̀kẹta yìí ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Bí òpó ẹ̀jẹ̀ ṣe dẹ̀ yẹn, kíndìnrín á rò pé ẹ̀jẹ̀ ti dín kù, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í di iyọ̀ àti omi mú. Ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i, ọkàn tó ti ń sáré tẹ́lẹ̀ á tún ní ẹrù púpọ̀ sí i láti tì. Tó bá le, ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde ní ìṣẹ́jú kan lè tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta iye tó yẹ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkàn tó ń lù nígbà 70 ní ìṣẹ́jú kan ń lù nígbà 100,800 láàárín wákàtí 24. Tó bá jẹ́ 110, ó di 158,400. Ó lé ní 57,000 lójoojúmọ́, láìsí ìsinmi, kódà lójú oorun. Ọkàn tó lágbára lè fara dà á fún oṣù mélòó kan. Ọkàn ẹni 70 ọdún tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀, tàbí tí òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí iṣan ọkàn rẹ̀ ti dín, kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìrora àyà, tàbí kí omi bẹ̀rẹ̀ sí í gbá jọ sínú ẹ̀dọ̀fóró àti ẹsẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa ka ìlùkìkì ọkàn yín

Kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá tó lè rọ́pò ìka méjì àti aago tó ní ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mu kọfí tàbí sìgá, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn.

1. Ẹ yí àtẹ́lẹwọ́ òsì sókè. Ẹ fi ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún sí ọrùn ọwọ́, ní ẹ̀gbẹ́ tí àtàǹpàkò wà, nínú kòtò díẹ̀ tó wà láàárín egungun àti iṣan. Ẹ má lo àtàǹpàkò láti fi kà á, torí òun náà ní ìlùkìkì tiẹ̀, ẹ ó sì máa ka ti ara yín mọ́ ọn.
2. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní kọjá, ẹ kò sì ní gbọ́ nǹkan kan.
3. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Kíkà á fún ìṣẹ́jú-àáyá 15 kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin dára fún ọkàn tó ń lù déédéé, àmọ́ ọkàn tó ń lù ségesège la ń wá níbí.
4. Bí ẹ ṣe ń kà á, ẹ fetí sí àlàfo tó wà láàárín ìlù kan sí òmíràn. Ṣé ó dọ́gba? Àbí ó ń yára, ó ń dúró, ó tún ń yára, bíi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìlù, tí kò tíì mọ ibi tí igi kàn?
5. Ẹ kọ ọjọ́, aago, iye tí ẹ kà, àti “ó dọ́gba” tàbí “kò dọ́gba” sílẹ̀.

Ẹ ṣe é láàárọ̀ kí ẹ tó dìde lórí ibùsùn, kí ẹ tún ṣe é nírọ̀lẹ́, fún ọjọ́ 7. Fún àgbàlagbà tó ń sinmi, 60 sí 100 ni àwọn ìwé ìṣègùn pè ní déédéé. Ẹni tó bá ń jí bá 95 tàbí 105 lójoojúmọ́, láìsí ibà, láìsí pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré, ní ohun tó yẹ kí dókítà wádìí.

Ọgbọ́n kan tún wà. Tí ẹ bá lè rí ẹni tó máa bá yín kà á nígbà tí oorun ti wọra, ẹ jẹ́ kó ṣe é. Ìpayà àti àníyàn máa ń mú kí ọkàn sáré lójú ọ̀sán, àmọ́ bí oorun bá ti gbé èèyàn lọ, eré náà á rọlẹ̀. Ti táyírọ́ìdì kì í rọlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìlùkìkì tó ṣì lé ní 90 lójú oorun kì í ṣe ọ̀rọ̀ “ẹ má ro nǹkan jù.” Ọ̀pọ̀ ló ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn fún odindi ọdún kan, nígbà tó jẹ́ pé ọrùn wọn ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò.

Kí ẹ tún na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí ẹ ya ìka, kí ẹ tẹ́ bébà kan sẹ́yìn ọwọ́. Tí bébà náà bá ń gbọ̀n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí ara sì ń gbóná, tí òógùn ń bọ̀, tí ẹ ń rù bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ ń jẹun dáadáa, tí ẹ sì ń yàgbẹ́ léraléra, gbogbo rẹ̀ ti ń tọ́ka sí táyírọ́ìdì nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi àwọn àmì yẹn wọn àgbàlagbà. Lára ẹni tó ti lé ní 60 ọdún, ọwọ́ lè má gbọ̀n, ojú lè má yọ, ara lè má gbóná. Ó kàn lè máa rù, kó máa rẹ̀ ẹ́, kó dákẹ́ sí ibì kan bíi ẹni tí ìbànújẹ́ dé bá, kí ọkàn rẹ̀ sì máa lù ségesège. Àwọn ọmọ á ní ọjọ́ ogbó ni. Ìlùkìkì tí kò dọ́gba yẹn ló lè jẹ́ àmì kan ṣoṣo tó máa tú àṣírí.

Ìfúnpá: ẹ wo nọ́ńbà méjèèjì

Táyírọ́ìdì tó ń ṣiṣẹ́ àṣejù kì í sábà gbé nọ́ńbà méjèèjì tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè pọ̀. Ti òkè á gòkè torí ọkàn ń tì í kíkan. Ti ìsàlẹ̀ á wálẹ̀ torí òpó ẹ̀jẹ̀ ti dẹ̀. Ẹ ó wá rí nǹkan bíi 150/60. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi 40. Níbí, ó ti di 90. Ẹni tó bá wo 150 nìkan á kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lásán, á sì máa yà á lẹ́nu pé kò ṣiṣẹ́ tó. Òótọ́ ni pé òpó ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tó ti le náà lè fa irú ìyàtọ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlùkìkì àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Tí ìlùkìkì kò bá dọ́gba, ẹ̀rọ ìfúnpá tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ lè ṣì í kà. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín, kí ẹ pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kí ẹ sì pín in sí mẹ́ta. Ẹ má gbára lé iye ìlùkìkì tí ẹ̀rọ náà gbé jáde nígbà yẹn, torí àwọn ìlù kan kì í lágbára tó láti dé apá.

Àyẹ̀wò, àti bí ẹ kò ṣe ní kà á sódì

TSH ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò. Ẹṣẹ́ kan nísàlẹ̀ ọpọlọ ló ń fi TSH ránṣẹ́ sí táyírọ́ìdì pé kó ṣiṣẹ́. Tí họ́mónù bá ti kún inú ẹ̀jẹ̀, ẹṣẹ́ yẹn á panu mọ́, TSH á sì já wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rí “TSH kéré” lórí ìwé, tí wọ́n á rò pé táyírọ́ìdì àwọn ló ń falẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni. Níbi tó pọ̀, 0.4 sí 4.0 mIU/L ni wọ́n ń pè ní déédéé, àmọ́ ìwé yàrá àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan ní ààlà tó tẹ̀ lé. Èyí tó wà lórí ìwé yín ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Ká ní ìwé náà sọ pé TSH kò tó 0.01, free T4 (ìyẹn T4 tí nǹkan kan kò so mọ́lẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀) sì ju ààlà lọ. Ọ̀rọ̀ ti yanjú: táyírọ́ìdì ń sáré. Tí TSH bá wálẹ̀ àmọ́ tí free T4 wà láàárín ààlà, ẹ ní kí wọ́n ṣe T3 náà, torí T3 nìkan ló máa ń gòkè lára àwọn kan. Tí méjèèjì bá wà láàárín ààlà, tí TSH nìkan kéré, ẹ má fọwọ́ rọ́ ọ tì, pàápàá tí ẹ bá ti dàgbà. Ìwádìí ìlú Framingham ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1994, fi hàn pé lára àwọn tó ti pé 60 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀, àwọn tí TSH wọn kò ju 0.1 lọ ni ọkàn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège ní ìlọ́po mẹ́ta àwọn yòókù láàárín ọdún 10. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ti pé 65, tí TSH rẹ̀ kò tó 0.1 tí kò sì padà gòkè, fi sábà máa ń gba ìtọ́jú. Bó bá sì jẹ́ pé hóró họ́mónù tí ẹ ń lò ló fà á, dókítà á dín in kù, ó parí.

Ohun méjì ló máa ń ba àyẹ̀wò yìí jẹ́. Èkínní ni báyótìn, fítámì tí wọ́n ń tà fún irun àti èékánná. Ìwọ̀n tó wà nínú hóró kan lè tó mílígíráàmù 5 sí 10, ó sì lè mú kí àwọn ẹ̀rọ àyẹ̀wò kan gbé TSH jáde bíi pé ó kéré, kí T4 sì dà bíi pé ó pọ̀, lára ẹni tí kò ní àìsàn kankan. Ẹ dá a dúró, ó kéré tán, fún ọjọ́ 2 kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀. Tó bá jẹ́ ìwọ̀n ńlá, ẹ jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èkejì ni pé àwọn èèyàn kì í dárúkọ gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò. Amiodarone, tí wọ́n ń fún àwọn tí ìlùkìkì wọn kò dọ́gba, ni kí ẹ dárúkọ ṣáájú. Hóró mílígíráàmù 200 kan ní áyódìn tó nǹkan bíi mílígíráàmù 75 nínú, nígbà tó jẹ́ pé máíkírógíráàmù 150 péré ni àgbàlagbà nílò lójúmọ́. Ó máa ń pẹ́ nínú ara débi pé ó lè da táyírọ́ìdì rú ní ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí èèyàn ti dá a dúró. Ọkàn ni wọ́n torí ẹ̀ lo oògùn náà, òun náà ló wá ń gba ọ̀nà ọrùn padà wá bá ọkàn jà. Ẹ tún sọ tí wọ́n bá ti fún yín ní oje áyódìn láìpẹ́ yìí kí wọ́n tó ya àwòrán inú ara yín.

Láti mọ ohun tó fà á, wọ́n lè ṣe àyẹ̀wò TRAb, tó ń tọ́ka sí àìsàn Graves, tàbí kí wọ́n ya àwòrán bí táyírọ́ìdì ṣe ń fa áyódìn mu. Ní ti ọkàn, ẹ béèrè fún ECG, àyẹ̀wò tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí ìwé. Àmọ́ nǹkan bíi ìṣẹ́jú-àáyá 10 péré ni ECG ń wò. Tí ìlùkìkì yín bá ń dà rú lálẹ́ tó sì ń tò lọ́wọ́ àárọ̀, kò ní rí nǹkan kan; ìwé tí ẹ ń kọ ọjọ́ àti aago sí ló máa jẹ́ kí dókítà gbé ẹ̀rọ kékeré kan kọ́ yín lára fún wákàtí 24 sí 48. Tí ẹsẹ̀ bá ń wú tàbí tí èémí ń ká, wọ́n á fi ẹ̀rọ tó ń lo ìró wo bí ọkàn ṣe ń fún pọ̀.

Oògùn méjì, iṣẹ́ méjì

Ibí yìí ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Oògùn àkọ́kọ́ ń tu ọkàn nínú; propranolol tàbí atenolol ló wọ́pọ̀. Láàárín wákàtí mélòó kan, ìlùkìkì á rọlẹ̀, ọwọ́ á dẹ́kun gbígbọ̀n. Ìwọ̀n propranolol tí wọ́n sábà ń lò jẹ́ 10 sí 40 mg, lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́. Atenolol jẹ́ 25 sí 100 mg, lẹ́ẹ̀kan. Dókítà ló máa yan iye tó bá yín mu. Ẹni tó ní ikọ́ fée gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ṣáájú, torí propranolol lè dí ọ̀nà èémí rẹ̀. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó ń gún abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé oògùn yìí lè bo àyà tó máa ń lù nígbà tí ṣúgà bá já wálẹ̀. Òógùn tó ń bọ̀ ló máa kù fún un láti fi mọ̀ ọ́n.

Èkejì ló ń dá táyírọ́ìdì lọ́wọ́ kọ́: carbimazole, methimazole tàbí propylthiouracil. Ìwọ̀n carbimazole níbẹ̀rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 15 sí 40 mg lójúmọ́. Oògùn yìí kì í fọwọ́ kan họ́mónù tó ti wà nílẹ̀. Táyírọ́ìdì ní ilé ìpamọ́ tó kún, T4 tó sì ti wọnú ẹ̀jẹ̀ ń gba nǹkan bíi ọjọ́ 7 kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Ọ̀sẹ̀ 3 sí 8 ló máa ń gbà kí ara tó balẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá retí ìtura lọ́jọ́ kẹta á sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Ẹ wo bó ṣe máa ń bàjẹ́. Propranolol á tu àyà nínú lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Onítọ̀hún á rò pé ara òun ti yá, á wá pa carbimazole tì. Àyà rẹ̀ á tutù lóòótọ́, àmọ́ họ́mónù ń pọ̀ sí i lábẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí propranolol bá tán, ohun gbogbo á ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Oògùn ọkàn yìí náà, ẹ má já a dúró lójijì; díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù, pàápàá fún ẹni tó ti ní ìrora àyà rí.

Tí wọ́n bá pààrọ̀ carbimazole sí methimazole fún yín, iye mg kò ní dọ́gba: carbimazole 10 mg súnmọ́ methimazole 6 mg. Bó bá sì jẹ́ táyírọ́ìdì tó wú tó ń jo ni, oògùn tó ń dá a lọ́wọ́ kọ́ kò wúlò, torí kò ṣe họ́mónù tuntun kankan. Ti ọkàn nìkan ni ẹ ó lò títí ohun tó ń jo á fi gbẹ.

Ẹ kọ èyí sára páálí oògùn náà: ibà, ọ̀fun dídùn, egbò ẹnu: dá carbimazole dúró, lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lónìí. Lára àwọn díẹ̀, tí kò tó ẹnì kan nínú 100, oògùn yìí lè pa àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá kòkòrò jà run, ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ má fi oògùn ọ̀fun rọ̀ ọ́ nílé dọ̀la. Tí ojú bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi ti ibà pọ́njú, tí ìtọ̀ sì dúdú, ẹ̀dọ̀ ló ń ké yẹn. Obìnrin tó bá lóyún tàbí tó ń gbèrò rẹ̀ gbọ́dọ̀ tètè sọ, torí propylthiouracil ni wọ́n sábà ń yàn fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ oyún.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, wọ́n á tún fa ẹ̀jẹ̀. T4 àti T3 ni kí ẹ wò nígbà yẹn. TSH lè ṣì wà nísàlẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn tí họ́mónù ti dọ́gba. Ẹni tó bá torí ẹ̀ fi kún oògùn á ti táyírọ́ìdì láti orí eré sínú oorun. Nínú àìsàn Graves, oṣù 12 sí 18 ni wọ́n sábà ń lo carbimazole. Áyódìn onítànṣán àti iṣẹ́ abẹ ni ọ̀nà méjì tó kù. Fún kókó tó ń dá họ́mónù ṣe, ọ̀kan nínú méjèèjì kì í sábà ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ń ṣe wàhálà, wọ́n á kọ́kọ́ fi oògùn mú họ́mónù rẹ̀ wálẹ̀ kí wọ́n tó ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ní gbogbo àkókò yìí, ẹ dín kọfí kù, ẹ jìnnà sí ohun mímu amúniṣagbára, ẹ má sì ra oògùn imú dídí tó ní pseudoephedrine. Àfikún tí wọ́n fi ewéko òkun ṣe kún fún áyódìn, àwọn oògùn ìsanra kan sì ní họ́mónù táyírọ́ìdì gan-an nínú. Eré ìdárayá tó le lè dúró títí ìlùkìkì ìsinmi á fi wà nísàlẹ̀ 90. Rírin díẹ̀díẹ̀ kò burú.

Nígbà tí ìlùkìkì bá di ségesège

Ọkàn ní yàrá mẹ́rin. Tí họ́mónù bá dà á láàmú, yàrá méjì tó wà lókè lè dẹ́kun fífún pọ̀, kí wọ́n kàn máa gbọ̀n lásán. AF ni àwọn dókítà ń kọ fún un. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí nǹkan bíi èèyàn 5 sí 15 nínú 100 tó ní táyírọ́ìdì tó ń ṣiṣẹ́ àṣejù, ó sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lára àwọn àgbàlagbà. Ẹ̀jẹ̀ tó dúró sójú kan nínú yàrá tó ń gbọ̀n máa ń dì. Tí èyí tó dì bá já lọ sínú ọpọlọ, ó di rọpárọsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wo ọjọ́ orí, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti bí èèyàn bá ti ní rọpárọsẹ̀ rí, kí wọ́n tó pinnu bóyá ó nílò oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Tó bá jẹ́ warfarin ni wọ́n fún yín, ẹ ṣọ́ra. Nígbà tí họ́mónù pọ̀, ara ń yára jẹ àwọn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì tán, nítorí náà ìwọ̀n warfarin kékeré ti tó. Bí carbimazole ṣe ń mú họ́mónù wálẹ̀, ìwọ̀n kékeré yẹn kò ní tó mọ́. Àyẹ̀wò INR, tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì hàn, gbọ́dọ̀ máa wáyé léraléra ní àwọn oṣù yẹn, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá rántí.

Ìròyìn tó dùn ni pé nǹkan bíi méjì nínú mẹ́ta àwọn tí AF wọn wá láti ọ̀dọ̀ táyírọ́ìdì ló máa ń padà sí déédéé fúnra rẹ̀ bí họ́mónù bá ti wálẹ̀, ọ̀pọ̀ láàárín oṣù mẹ́rin. Nítorí náà wọn kì í sábà kánjú fi iná mànàmáná tún un ṣe ṣáájú ìgbà náà. Kò sí àǹfààní nínú títún ìlù ṣe nígbà tí ẹni tó ń dà á rú ṣì dúró níbẹ̀.

Ìgbà tí kò yẹ kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó lọ

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ tí ìrora bá di àyà mú, tí èèyàn bá dákú, tí ìlùkìkì ìsinmi bá lé ní 130 tí kò sì rọlẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ kan ojú bá wọ́ sísàlẹ̀, tí apá kan bá rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ lẹ́nu. Bákan náà ni ti ẹni tí kò lè sùn gbalaja mọ́ torí èémí, tó ń to ìrọ̀rí méjì, mẹ́ta. Ẹ gun ìwọ̀n lárààárọ̀. Ẹni tó ti ń rù látọjọ́ yìí, tó wá fi kílò 2 sanra láàárín ọjọ́ 3, kò tíì sanra. Omi ló ń gbá jọ.

Èyí tó burú jù ni ìjì táyírọ́ìdì. Ibà á lé ní 38.5°C, ìlùkìkì lè kọjá 140, onítọ̀hún á máa bì, á máa yàgbẹ́ gbuuru, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ tí kò lórí. Àrùn inú ara, iṣẹ́ abẹ, ìbímọ, tàbí oògùn tí wọ́n já dúró lójijì ló sábà ń gbé e dìde. Kódà nínú ilé ìwòsàn, ó ń pa nǹkan bíi ẹnì kan nínú mẹ́wàá, tàbí jù bẹ́ẹ̀. Bí ẹ ṣe ń gbé e lọ, ẹ lè fún un ní paracetamol nítorí ibà tí kò bá ń bì, tí orí rẹ̀ sì ṣì pé. Ẹ má fún un ní aspirin, torí ó ń tú họ́mónù sílẹ̀ kúrò lára ohun tó so ó mọ́lẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ “táyírọ́ìdì” fún ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá bá lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ sì kó gbogbo páálí oògùn dání.

Lẹ́yìn tí họ́mónù bá ti wálẹ̀

Ìlùkìkì á kọ́kọ́ rọlẹ̀, gbígbọ̀n ọwọ́ á tẹ̀ lé e, ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan. Ọkàn tí eré nìkan sọ di aláìlágbára sábà máa ń gbádùn padà. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí òpó dídín ti bà jẹ́ tẹ́lẹ̀ ṣì máa nílò ìtọ́jú tirẹ̀. Tí AF bá ṣì wà lẹ́yìn oṣù mẹ́rin tí àyẹ̀wò ti dọ́gba, ẹ padà lọ bá dókítà ọkàn. Àkókò ti tó láti sọ̀rọ̀ nípa títún un ṣe. Ẹ má sì dá oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì dúró fúnra yín torí pé ọkàn ti ń lù déédéé fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ máa bá kíkà ìlùkìkì náà lọ, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Nísinsìnyí, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Tó bá di 50 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, tí òtútù ń mú yín nígbà tí kò mú ẹlòmíì, tí oorun ń kùn yín, tí ìgbẹ́ sì ń le, carbimazole ti pọ̀ jù, tàbí propranolol tí ẹ kò nílò mọ́ ṣì wà nídìí iṣẹ́, tàbí áyódìn onítànṣán ti pa táyírọ́ìdì náà tán. Ẹ lọ ṣe TSH àti T4 lọ́sẹ̀ yẹn.